Ta Ló Bú Yín Tẹ́ Ẹ Fi Padà Sílé Ìwé?

Ẹ̀yin àgbà akẹ́kọ̀ọ́ wa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, tẹ́ ẹ ti bímọ, tẹ́ ẹ ti sin bàbá yín, tẹ́ ẹ ti kọ́lé dé ojú fèrèsé kí owó tó dá a dúró, tẹ́ ẹ wá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tẹ́ ẹ ní yunifásítì ló kàn. A ò bá yín jà o. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Ohun kan ṣoṣo là ń béèrè lọ́wọ́ yín: ta ló bú yín?

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́wọ́. Mo ti rí fọ́ọ̀mù yín. Níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ kàwé, gbogbo yín lẹ kọ ohun kan náà láìku ẹnì kan: ẹ fẹ́ fi kún ìmọ̀ yín kẹ́ ẹ lè wúlò fún orílẹ̀-èdè. Orílẹ̀-èdè wo? Nàìjíríà tẹ́ ẹ ń ṣépè fún lálaalẹ́ nídìí jẹnẹrétọ̀ yìí náà? Òun ló wá wọ̀ yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń jí ní aago mẹ́ta òru, tẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, tẹ́ ẹ ń há ìlànà ìṣàkóso òṣìṣẹ́ sórí? Ẹ jọ̀ọ́, inú ilé la wà. Ẹnì kan ló bú yín. Ó lè jẹ́ ọ̀gá, ó lè jẹ́ àna. Ó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú yín tó gbé iṣẹ́ àmúrelé ìṣirò wá bá yín, tẹ́ ẹ wò ó síwá, tẹ́ ẹ wò ó sẹ́yìn, tẹ́ ẹ ní kó lọ bá màmá ẹ̀, tí ọmọ náà wá rẹ́rìn-ín.

Òyìnbó kan ti gbìyànjú àtitú àṣírí yín rí. Cyril Houle lorúkọ ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì Chicago. Ó wá àgbà 22 tí wọn kì í yéé kẹ́kọ̀ọ́, ó jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n léèrè títí, ó wá gbé ìwé kan tó ń jẹ́ The Inquiring Mind jáde lọ́dún 1961. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn kan mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwé gbà. Bọ́wọ́ wọn bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí. Àwọn kan, ìwé kọ́ ni wọ́n bá wá, èèyàn ni wọ́n bá wá. Wọ́n fẹ́ rẹ́gbẹ́, wọ́n fẹ́ jáde nílé. Ìkẹta ni àwọn tí ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ ń dùn mọ́, tó jẹ́ pé bí wọn ò bá rí nǹkan kọ́, ara wọn ò ní balẹ̀. Ìwé náà lọ́lá, wọ́n ṣì ń dárúkọ ẹ̀ títí dòní níbi tí wọ́n bá ti ń jíròrò ẹ̀kọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé Houle ò fi Ìbàdàn kún un. Ká ní ó gba Àgọ́dì wọ Sẹkitéríàtì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí oníràìsì, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹran àti èébú jẹ ìrẹsì, ì bá ti rí oríṣi kẹrin kó tó fọwọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́lá HND, ọ̀dọ̀ yín la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wolẹ̀. Ẹ wọṣẹ́ ìjọba ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 07, ẹni tó gba dígírì wọ̀ ọ́ ní 08. Ẹ ní kò burú, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni. Ẹ ń gùn ún lọ, ẹ ń gùn ún lọ, ẹ dé 14, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, orí yín kan òrùlé. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ti ẹni tó ní HND mọ, ẹni tó ní dígírì ló ń lọ sí 17. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn olóṣèlú ti ń fẹnu pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́, ẹnu wọn ò sì rẹ̀ wọ́n.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló gbé yín délé ìwé o. Ẹ ti ń fara dà á tẹ́lẹ̀. Ohun tó gbé yín débẹ̀ ni àgùnbánirọ̀ kan. Ẹ rántí ẹ̀. Ọmọ tínínrín kan tó wá sin ilẹ̀ baba ẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, tẹ́ ẹ máa ń rán lọ ra àkàrà, tó ń dọ̀bálẹ̀ kí yín láàárọ̀, tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìjọba, ibi tí nọ́ńbà fáìlì ń wà, ibi tí déètì ń wà. Wọ́n gbà á síṣẹ́. Ọdún ń gorí ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fáìlì yín padà dé láti òkè, ẹ ṣí i, ẹ rí bírò pupa létí lẹ́tà yín: tún èyí kọ. Kò tiẹ̀ sí "ẹ jọ̀ọ́, sà" níbẹ̀. Ẹ wo ìbuwọ́lù tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ alákàrà ni.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Òótọ́ ni. Wọn ò kàn fi kún un pé bí ọmọdé náà bá ní dígírì, òun ni yóò máa buwọ́ lu ìwé ìsinmi ẹni tó lákìísà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ra fọ́ọ̀mù. Ẹ ò wo orúkọ kọ́ọ̀sì. Ohun tẹ́ ẹ bi wọ́n ni pé èwo ló yá jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ wúlò fún orílẹ̀-èdè.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé ayé tuntun ló kó èyí dé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe tíṣà, ó ti tẹ tàípù, ó ti ṣe oníròyìn, ó ti ra kòkó, ó ti ní mọ́tò akẹ́rù, kó tó wá jókòó sílé níbí gba dígírì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ìṣòwò lọ́dún 1944. Ẹni ọdún 35 ni. Kò sinmi, ó bọ́ sókè òkun lọ kọ́ṣẹ́ amòfin, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní 1946. Láyé ìgbà náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ ń gba pósí wá láti Wolsey Hall àti Rapid Results College ní ìlú òyìnbó, àwọn bàbá wa ń tan àtùpà kà á. Rapid Results! Mo mọ bàbá àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó tó bí àkọ́bí, tó gba èsì nígbà tí àkọ́bí náà ń mú ìyàwó wálé. Ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó fi férémù sí i. Àlejò kan ò lè jókòó ní pálọ̀ yẹn kó má kà á tán.

Ìjọba wa náà ti fi yín ṣeré díẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Lọ́dún 1983, nígbà Shagari, wọ́n dá Open University sílẹ̀ fún irú yín, pé kẹ́ ẹ máa kàwé láti ilé. Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́ níbi ayẹyẹ, ọ̀gágun Buhari gbàjọba, ó sì tì í pa ní 1984. Ó di 2002 kí Ọbásanjọ́ tó tún un ṣí. Àwọn èèyàn wá ń gbàwé jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò lè gbé wọn dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, wọn ò sì ní sin ilẹ̀ baba. Ẹ̀hónú dé, ẹjọ́ dé. Ta ló wá buwọ́ lu òfin tó tú ìdè náà ní December 2018? Buhari náà ni. Ó lo ọdún 34 kó tó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ wá ń dáàmú ara yín nítorí kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ gbé fún sáà méjì.

Ní ti ìsìnrú ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún nígbà tó gbàwé jáde, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n máa fún un. Bàbá kan ṣì ń bi mí bóyá wọ́n ní kákí tó máa gba ikùn òun.

Ọbásanjọ́ tí mo dárúkọ yẹn, ẹ ò ní gbàgbé pé òun náà wà nínú ìwé orúkọ yín. Ẹbọra Òwu ṣíléèwé tán, ó kúrò nípò, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì kúrò títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní January 2018. Ó ti pé 80 ọdún. Ẹni tó ti jagun, tó ti ṣolórí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú kákí, lẹ́ẹ̀kan nínú agbádá. Òun nìkan ni mi ò rí ẹni tó bú u, torí mi ò rí ẹni tó láyà ẹ̀. Àwọn tí àánú wọn ṣe mí ni àwọn súpáfáísọ̀ ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ fẹ́ sọ fún ọ̀gágun pé orí kejì iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ kò tíì jinlẹ̀ tó. Ẹ máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni, àbí ẹ máa kọ ọ́ ránṣẹ́ láti ìlú mìíràn?

Ẹ wá bá mi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ti ọjọ́ yìí, kò sí pé à ń fi bírò kọ ìtàn. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò kò tíì ju ẹni ọdún 25 lọ. Bàbá kan jókòó ní ìlà kejì, fìlà lórí, awò ojú méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan ní iwájú orí. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, nǹkan yìí ò fẹ́ gbéra."

"Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Next sí, sà."

"Níbo nìyẹn?"

"Ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, sà."

Bàbá tẹ nǹkan kan. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Ó ti lọ."

"Kí ló lọ, sà?"

"Gbogbo ẹ̀."

Submit ni Bàbá tẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin péré ló ti dáhùn. Ọmọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, kì í ṣe ẹ̀rín ni, ó ń wá ohùn tí wọ́n fi ń kéde òkú fún àgbà. Kó tó rí i, fóònù ń dún nínú báàgì kan lẹ́yìn, orin fújì, ohùn rara. Ìyáàfin tó ni ín ò pa á, ó gbé e, ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni mo sọ, kì í ṣe ẹgbẹ̀rin, mo wà nínú ìdánwò." Ó wá pa á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yìí, a tún ní ọ̀kan tó ti múra òde ìgbéyàwó kó tó wá. Gèlè ẹ̀ ga, ó fẹ̀, ó dí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lójú pátápátá. Ọkùnrin náà fẹjọ́ sùn pé òun ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́ rí? Kọ̀ǹpútà yín ń bẹ níwájú yín." Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Àwọn kan wà láàárín yín tó jẹ́ pé bí Houle bá rí wọn, á fò sókè pé òótọ́ lòun sọ nípa oríṣi kejì. Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ ń sọ fún ìyàwó yín pé lẹ́kíṣọ̀ wà ní gbogbo Sátidé, láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí dalẹ́. A mọ̀ pé iṣẹ́ ilé lẹ ń sá fún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó le koko láàárín yín tó gọ́fínọ̀ kíláàsì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi du ipò káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù wọn, wọn ò rí i. Wọ́n dé kíláàsì àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kàwé ní ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n bá ìbò, wọ́n wọlé. Wọ́n wá yan akápò, wọ́n yan agbẹnusọ, wọ́n yan ẹni tó ń ṣètò ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ. Àwa tá a wá kọ́ ọrọ̀ ajé, a ti san owó òkú mẹ́ta, a ò tíì mọ ohun tó ń fa ọ̀wọ́n gógó ọjà.

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ orí WhatsApp yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti bí mi nínú, mo máa sọ ọ́. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, àdúrà. Aago márùn-ún, àdúrà ẹlòmíràn, tó gùn ju ti àkọ́kọ́. Aago mẹ́fà, ẹnì kan ń ta gààrí Ìjẹ̀bú. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnì kan bi í pé ṣé ó kan dáadáa. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa kó iṣẹ́ àyẹ̀wò wọlé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ díákónì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Alhaji, ẹ̀yin tẹ́ ẹ na ọmọ yín lẹ́gba torí pé ó wo ìwé ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà lẹ ń béèrè lórí pátákó yẹn pé ta ló ní ìdáhùn, èló ni, ṣé wọ́n lè dín in kù.

Ìyá aláṣọ kan wà ní ọjà Gbági tí mo gbọ́dọ̀ sọ tiẹ̀. Àbúrò ọkọ ẹ̀ ló ń bá a kọ ìwé ọjà. Bí Ìyá bá béèrè bí owó ṣe rìn, àbúrò ọkọ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Ìyàwó wa. Ìwé ni, kò lè yé yín." Wọn ò bú èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ìyá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, kò sọ fún ẹnì kankan nílé, ó ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá lòun ń lọ. Wọ́n kọ́ ọ ní sáà kìíní, kò yé e. Wọ́n kọ́ ọ ní sáà kejì, wọ́n dé orí bí wọ́n ṣe ń mú ìwé báńkì àti ìwé ọjà, tí wọ́n á gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n á wo ibi tí wọn ò ti bára mu. Ìyá ò dúró kí wọ́n parí lẹ́kíṣọ̀. Ó kó báàgì, ó wọ mọ́tò lọ sí Gbági. Mo gbọ́ pé àbúrò ọkọ ń gbé Òǹdó báyìí.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Ìyá padà sí kíláàsì ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé ó ti gba ohun tó wá gbà. Ìwé ẹ̀rí ò wúlò fún un, kò sí ẹni tó máa gbé e ga lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ní ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó síwájú, ó ń bá olùkọ́ jiyàn lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka ọjà tó kù lórí igbá. Ó ní èyí tó wà nínú ìwé, ẹni tí kò tajà rí ló kọ ọ́. Olùkọ́ ní ká sinmi díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lọ wádìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀nà ìwé lọ sílùú ọba, ẹ rò pé mo gbàgbé yín? Ọ̀gá àgbà ní ẹ̀ka báńkì, ẹni ọdún 44, mọ́tò méjì, dìde lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ lọ gba másítà nínú ìlera ará ìlú. Ìlera ará ìlú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ súyà. Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Lọ́dún 2021 ni Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹni tó bá kàwé tán dúró fún ọdún méjì, kó máa wáṣẹ́. Títí di ìparí 2023, ẹni tó lọ gba másítà lè kó ìyàwó àti ọmọ dání. Ẹ rí bí ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà! Nígbà tó di January 2024, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá wá, àfi ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí jinlẹ̀. Ìfẹ́ ẹ̀kọ́ náà tutù lóru ọjọ́ kan. Ìlera ará ìlú ò jẹ ẹnikẹ́ni lógún mọ́.

Àwọn tó ti wọlé kí ìlẹ̀kùn tó padé wà ní Middlesbrough, òtútù ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òfin ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ nígbà tílé ìwé bá wọlé. Ọ̀gá báńkì wá ń yí arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kíláàsì, ó ń sùn níwájú olùkọ́ tó jẹ́ àbúrò ẹ̀ lọ́jọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀, tó sì gba máàkì tó dáa. Mo bi í léèrè lórí fóònù bóyá ó ti wá mọ nǹkan nípa ìlera ará ìlú. Ó ní, "Àbúrò, èmi ni ará ìlú náà."

Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá jù ò tiẹ̀ débẹ̀, Kùtọnu ni wọ́n yà. Ní December 2023, akọ̀ròyìn kan ti ilé iṣẹ́ Daily Nigerian gbé ìtàn jáde bí òun ṣe gba dígírì nílé ìwé kan níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì fi wọ iṣẹ́ ìsìnrú ìlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ṣì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni, kò tíì fọwọ́ kan máṣíìnì. Kí January 2024 tó rìn jìnnà, ìjọba àpapọ̀ ti ní òun ò ka dígírì Benin àti Togo sí mọ́ ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún mẹ́rin kàwé lóòótọ́ ní Pọ́tónófò, ẹ̀yin tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ASUU lé lọ síbẹ̀, ẹ wá ń fi ẹ̀rí ara yín hàn ní gbogbo ìloro. Ẹ̀fẹ̀ ò sí nínú tiyín. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Oyè ni ti àwọn tó kù. Dókítà! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí alága ìjókòó! Ẹnì kan fún ilé ìwé ní owó, wọ́n fi aṣọ pupa bọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó délé, ó ní kí ìyàwó òun má pe òun ní Bàbá Ṣọlá mọ́. Àwọn gíwá yunifásítì ti kóra jọ ní Keffi lọ́dún 2012, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fi ìwé ẹ̀rí dá lọ́lá ò gbọdọ̀ gbé Dókítà ṣíwájú orúkọ. Àwọn alága ìnáwó wa ò lọ sí Keffi. Alága tó mọ ibi tí owó wà á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu: "Dókítà, Ọ̀túnba, Alàgbà, Ẹńjíníà!" Oyè mẹ́rin, ìgbìmọ̀ kan ò jókòó lé orí ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jókòó ti ìwé kó tó di ọ̀mọ̀wé, tó sì dákẹ́ níbi ayẹyẹ, ẹ má bínú sí i. Ó ń ka ẹni tí wọ́n pè ṣáájú ẹ̀ ni.

Ó wá ku oríṣi kẹta Houle, àwọn tí ẹ̀kọ́ ń dùn mọ́ lásán. Mo wá wọn káàkiri. Mo rò pé mo ti rí ọ̀kan ní àdúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 73. Bàbá yìí ti gba NCE, ó ti gba dígírì nínú ìtàn, ó ti gba másítà nípa àlàáfíà àti bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Kò sí ẹni tó máa gbà á síṣẹ́, kò wá oyè, kò ní fíísà. Níbi ìsọmọlórúkọ, ó ń ṣàlàyé ogun Kírìjì fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Inú mi dùn. Mo ní, ẹ wò ó, ojúlówó rèé.

Ó wá tún ra fọ́ọ̀mù. Ìmọ̀ òfin ni. Àwọn ọmọ ẹ̀ sáré pe ìpàdé ẹbí, torí ọ̀dọ̀ wọn ni owó ti ń jáde, wọ́n sì ké sí mi kí n wá bá wọn bẹ̀ ẹ́. Èyí àgbà ló bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Kí lẹ fẹ́ fi lọ́yà ṣe?"

"Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí."

"Èwo nínú ẹ̀, sà?"

"Ẹsẹ̀ bàtà méjì tí Alhaji fi fẹ́ǹsì gbà."

"Bàbá, Alhaji ti kú láti ìjọ́ yìí."

"Ọmọ ẹ̀ ò kú. Ó dúró lórí fẹ́ǹsì yẹn gan-an, ó ń jẹ àgbàdo, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, 'Tíṣà, ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ kàwé.'"